Ẹni Tó Sin Àlejò Dé Ìbàdàn

Bí ẹ bá dé Agége lónìí, tí ẹ bèèrè Alhaji Làsísì tó ni Òtẹ́ẹ̀lì Sùnmọ́jú, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni ti ọjọ́ tó sin àlejò sọ́nà dé Ìbàdàn. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tiẹ̀ bá ara wọn mu: ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú.

Ẹnjiníà Oyinadé ni àlejò ọ̀hún. Ará Ìbàdàn ni, òun ló máa ń wá tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe fún àwọn iléeṣẹ́ aláṣọ Ìkẹjà nígbà tí wọ́n ṣì ń hun aṣọ. Ó ń padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alhaji bá a gbé báàgì dé ìdí mọ́tò, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo àlejò. Ìtàn wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnjiníà ti jókòó, Alhaji fọwọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ìtàn ò parí. Oòrùn ń yọ bọ̀, Ẹnjiníà ní, "Ẹ wọlé jókòó, kẹ́ ẹ parí ẹ̀." Ó wọlé. Ẹnjiníà ní kí òun rọra máa wà á lọ sí títì, òun á já a sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì máa gbójú sókè, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni wọ́n wà.

Nílé, Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà dè é. Ẹ̀kọ dì. Wọ́n wo ilé ìwẹ̀, wọ́n wo gọ́tà, wọ́n wo ẹ̀yìn ilé. Lẹ́mọ́ọ̀mù mú gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, ó kéde: "Ẹ bá wa wá Làsísì o! Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ jáde." Ìrọ̀lẹ́ ni Alhaji tó yọ, ó wọ agbádá ẹlòmíì tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbé iṣu lérí.

"Alhaji, níbo lẹ lọ?"

"Mo sin àlejò sọ́nà ni."

"Sọ́nà ibo?"

"Sìlífátù, ọ̀nà ló gùn, kì í ṣe ẹ̀bi mi."

Sìlífátù gba iṣu lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bínú. "Ó dáa, ẹ ṣáà parí ìtàn ọ̀hún fún un?"

Alhaji wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọ tí kò tíì gbọ́n. "Tí mo bá parí ẹ̀, kí ló máa mú un padà wá?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò ní Sùnmọ́jú nìyẹn. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Allen ní kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi. Sùnmọ́jú ní ilé alájà kan, àmù omi lẹ́nu ọ̀nà, àti ìtàn tí kì í parí. Ìtàn kan náà ni: bí òtẹ́ẹ̀lì náà ṣe gba orúkọ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaji ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, lórí lọ́rì oníṣu tó gbé e wá sí Èkó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lọ́rì á bàjẹ́. Òjò á rọ̀. Ẹ̀gún á gún dẹ́rẹ́bà lẹ́sẹ̀. Ó di ìgbà tó bá dé Agége, tó kan ilẹ̀kùn ilé kan, á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọmọbìnrin kan gbé omi jáde. Bàbá ẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàbá náà wò mí látorí délẹ̀, ó lanu, ó ní..." Ibẹ̀ ni á ti dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀. "Ìyókù di ìgbà tẹ́ ẹ bá padà wá."

Sìlífátù ni ọmọbìnrin tó gbé omi jáde. Bàbá Dàwódù, ọmọ onílẹ̀ ní Agége, ni bàbá náà. Ilé tí Alhaji sì fi ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì, ilé Bàbá Dàwódù ni. Nígbà míì, bí ìtàn bá ti ń gùn jù, Sìlífátù á ké láti ilé ìdáná: "Ẹ sọ fún wọn pé ilé bàbá mi ni o!" Alhaji á yíjú sí àlejò: "Ẹ má dá a lóhùn. Inú ìtàn ló ti jáde."

Òfin kan tún wà níbẹ̀. Àlejò ò ní rí kọ́kọ́rọ́ gbà àfi tó bá mu omi àmù, kó sì sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti Aláúsá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ yẹ òtẹ́ẹ̀lì wò. Ó ní òun kì í mu nǹkan lẹ́nu iṣẹ́. Alhaji ní òun náà kì í mú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ wo yàrá. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán, wọ́n jọ lọ kírun, wọ́n jọ padà wá jókòó. Ooru ò gbẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gbé ife, ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn.

"Ọmọ ta ni yín?" ni Alhaji wí.

Wọn ò tíì kúrò lórí bàbá bàbá rẹ̀ tí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó dìde, ó dúpẹ́ fún omi, ó lọ. Yàrá kan ṣoṣo, kò wò ó.

Èyí tó pa àwọn ọlọ́tẹ́ẹ̀lì yòókù lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀gbẹ́ni kan tó wá láti apá Allen. Lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, ó ń wo ilẹ̀.

"Rúùmù kan, Alhaji. A máa yára."

"Ẹ mu omi ná."

Wọ́n mu. Alhaji kọjú sí ọmọbìnrin. "Ìyá mi, ọmọ ta ni ọ́?"

Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Alhaji ní apá ibo l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó sọ agbo ilé wọn. Alhaji pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Sìlífátù fi sáré jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. "Ilé wa ni! Ọmọ ilé wa ni! Orúnkún bàbá ẹ ńkọ́, ṣé ó ti san? Ta ni ọ̀gbẹ́ni yìí, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n nílé?"

Ọkùnrin náà nu ojú. "Alhaji, rúùmù ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi. Mi ò ní kẹ́ ẹ fún mi ní àna."

Sìlífátù mú ọmọ náà lọ sí ilé ìdáná, wọ́n jọ bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Ọkùnrin náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ó fi sú u. Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Lẹ́yìn Iléyá, àwọn méjèèjì padà wá pẹ̀lú obì àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Alhaji gba obì, ó na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Rúùmù ti wà."

Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀rọ amúlétutù, Alhaji ní òun á ṣe tòun. Ó to àmù síwájú fáànù, ó fi òfìfo àpò ìrẹsì tó ti rẹ sínú omi bò wọ́n. Ọlọ́jà kan tó ti Kánò wá ra fóònù ní Computer Village ló kọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Ó jáde láàárọ̀, aṣọ ìbora rẹ̀ ń ro tótó.

"Alhaji, yàrá yín tutù."

"Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

"Ó tutù débi pé ọ̀pọ̀lọ́ wá sùn tì mí."

Alhaji ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Ẹ má dààmú. A ò ní ka tiẹ̀ mọ́ yín lọ́rùn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń yí. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé fèrè iléeṣẹ́ ló ń jí àlejò Sùnmọ́jú, tí Sìlífátù ń fi ìkòkò ńlá se ìrẹsì fún àwọn tó ti Òkè Ọya wá ra aṣọ. Nígbà tó yá, fèrè kan dákẹ́. Òmíràn dákẹ́. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ di ibi ìkẹ́rùsí, èyí tó tẹ̀ lé e di ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọlọ́jà fóònù ló kù, àwọn náà wá ń kọjá lọ sí ibi tí wáìfáì wà. Alhaji bi ọmọ rẹ̀, Jubril, tó ń ta fóònù ní Computer Village, ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Dádì, òun ló ń jẹ́ kéèyàn máa rí gbogbo ayé látinú yàrá."

Alhaji ronú sí i. "Tí wọ́n bá ń rí gbogbo ayé látinú yàrá, ta ló máa wá jókòó gbọ́ tèmi?"

Jubril rẹ́rìn-ín. Sìlífátù ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí ó rí ojú ọkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, Alhaji ò jáwọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé. Lẹ́yìn náà á wọ jàlàbíà funfun, á jókòó lórí àga níta. Kòtò kan wà níwájú ilé wọn, mọ́tò tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra. Bí mọ́tò bá ti rọra, Alhaji á dìde, á tún fìlà ṣe: "Ẹ káàbọ̀ o!" Mọ́tò á gba inú kòtò kọjá, á máa lọ. Àwọn ará àdúgbò dáwó jọ pé kí wọ́n dí kòtò náà, Alhaji ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Òun nìkan ló ṣì ń dá èèyàn dúró fún wa."

Orí àga yẹn ló kú sí, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́ ọjọ́ kan tí oòrùn ti rọlẹ̀. Sìlífátù ń gbé ẹ̀kọ bọ̀. Mọ́tò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú kòtò kọjá ni. Ọwọ́ Alhaji ti wà lára fìlà rẹ̀.

Wọ́n sin ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin ló ń gbé òkú lọ sí itẹ́ ní àdúgbò wọn, obìnrin kì í bá wọn lọ. Sìlífátù dúró lẹ́nu géètì, ó di irin géètì mú. Ọkùnrin tó sin gbogbo ayé sọ́nà, ìyàwó rẹ̀ ò sìn ín kọjá ojúlé. Ó ń wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Jubril bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ dáadáa ni, kò sọ ọ́ pẹ̀lú àfojúdi. "Mọ́mì, ilé yìí ti ń sán. Tírélà tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé ti mi ìpìlẹ̀ ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rà á kọ́ plásà ìtajà ṣì ń bẹ̀ wá. Ilé yín ni, ẹnu yín là ń wò."

Sìlífátù wo ara ògiri. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. "Wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ẹtì," ló wí. Ó wọ yàrá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì.

Ọjọ́bọ̀ ni mọ́tò kan rọra níwájú kòtò, kò sì kọjá. Ẹnjiníà Oyinadé ló sọ̀ kalẹ̀, ó ti darúgbó, ó di ọ̀pá mú, dẹ́rẹ́bà gbé báàgì tẹ̀ lé e. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé Alhaji ti kú. Sìlífátù bu omi fún un. Ó mu ún, ó gbé ife kalẹ̀.

"Alhaja, ọ̀gá dà? Mo ní kí n tó kú, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ."

Sìlífátù gbé ojú sí àga tó wà níta. Àga náà ṣófo, wọ́n ti yí i dojú kọ ògiri. Ẹnjiníà wò ó, ó tún wo Sìlífátù, ó sì yé e. Ó jókòó gbìì.

"Ó mà sìn mí dé Ìbàdàn, kò parí ẹ̀ fún mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sìlífátù, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, omijé sì tẹ̀ lé e. "Mo mọ ìyókù," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín ná."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Jubril dé. Ìyá rẹ̀ ní àlejò wà nílé, a kì í lé àlejò jáde. Kí wọ́n ní sùúrù títí á fi lọ. Ẹnjiníà ò sì ní lọ tí kò bá gbọ́ òpin ìtàn. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Sìlífátù á gbé àga síta, á bẹ̀rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́rì kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, lọ́rì ò tíì kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó fi ẹ̀gún gún dẹ́rẹ́bà, ó tún fi gún ẹni tó ń yọ ẹ̀gún fún dẹ́rẹ́bà.

Jubril fa ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mọ́mì, ìgbà wo ni bàbá yìí máa lọ?"

"Ìgbà tí ìtàn bá parí."

"Ìgbà wo ni ìtàn máa parí?"

"Ìgbà tí àlejò bá fẹ́ lọ."

Jubril gbá orí mú. "Háà! Ẹ̀yin àti dádì, ọ̀kan náà ni yín!"

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe di ilé Sùnmọ́jú mú fún ìyókù ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu lásán. Ìró ẹsẹ̀ àlejò tún ń dún nínú kọ́rídọ̀. Àmù tún ń gbẹ, ó tún ń pọn ọ́n kún. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, nǹkan já gbàà. Ẹnjiníà jáde, erùpẹ̀ funfun bo orí àti èjìká rẹ̀. Òkè àjà ló ya lulẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Alhaja, ṣé ewú mi ò pọ̀ tó tẹ́lẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó rọra ní, "Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Ọ̀gá yín ti ṣe é fún mi títí ewú fi bo orí mi. Tó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ilé yìí ti ń dágbére, Alhaja. Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn."

Sìlífátù wo òkè àjà tó ya. Ó wo erùpẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí ọkọ rẹ̀ lọ̀ kẹ́yìn. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbé báàgì yín," ló wí. "Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́."

Ó fa gèlè rẹ̀ le, ó bá Ẹnjiníà jáde. Dẹ́rẹ́bà rọra wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n kọjá géètì. Wọ́n kọjá kòtò.

"Mo gbé omi jáde," ni Sìlífátù wí. "Bàbá mi tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní, ọmọ ta ni ọ́? Alhaji bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń sọ ọ́ lọ, òjò ń pa gbogbo wa. Bàbá mi wá lanu, wọ́n ní, 'Sìlífátù, fún un lómi náà kó lè dákẹ́! Jẹ́ kó sùn mọ́jú, kó máa bá tiẹ̀ lọ láàárọ̀.'"

Ẹnjiníà dúró sójú títì, ẹ̀rín pa á débi tó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí. "Torí kó lè dákẹ́ ni wọ́n ṣe fún un lómi?"

"Torí ẹ̀ ni. Ṣé ó wá dákẹ́? Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjàpá kan fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó já a sí àárín. Nígbà tílẹ̀ mọ́, bàbá mi ní kò gbọdọ̀ lọ láìparí ẹ̀. Alhaji ní ó di Jímọ́ọ̀. Jímọ́ọ̀ kò, ó di Iléyá. Lọ́jọ́ tí wọ́n so wá pọ̀, bàbá mi ní, 'Làsísì, mo ti fún ọ lọ́mọ, mo fún ọ nílé. Jọ̀ọ́, kí ni ìjàpá ṣe?' Ó ní ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ."

Wọ́n ti dé títì. Ẹnjiníà wọ mọ́tò, ó yọrí láti fèrèsé. "Alhaja, kí ni ìjàpá wá ṣe?"

Sìlífátù lanu láti sọ fún un pé ó di ìgbà tó bá padà wá. Ó rántí pé kò ní síbi tó máa padà wá sí. Ó pa ẹnu dé.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Bí mo bá bi Alhaji, wọ́n á ní, 'Sìlífátù, ṣé ibì kan lò ń lọ ni?' Mo ní rárá. Wọ́n ní, 'Ṣé o wá rí i? Ó di ọ̀la.'"

Mọ́tò gbéra. Ìyá àgbà náà dúró sí etí títì níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí, ó na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú. Ẹnjiníà wẹ̀yìn, ó rí i tó ń juwọ́. Mọ́tò dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù, Sìlífátù ò rí i mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Kì í ṣe Ẹnjiníà nìkan ló ń juwọ́ sí. Ó dúró títí ó fi dá a lójú pé ẹni tó ń lọ ti lọ jìnnà, pé wọ́n ti sìn ín sọ́nà dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló padà sílé lọ kó kọ́kọ́rọ́ fún Jubril. Kó tó fún un, ó bu omi àmù, ó ní kó mu ún ná.